Ọpọlọ ọmọ kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń fọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́rin lóṣù tó kọjá. Kì í jókòó sójú kan. Bí mo bá rán an níṣẹ́, kó tó dé ẹnu ọ̀nà ó ti gbàgbé, ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ náà sì ń fà sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ máa ń tú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, á yọ òjé inú rẹ̀ tà. Ẹ̀yìnkùlé wa ló ti ń ṣe é látìgbà tí mo ti wà nínú oyún ọmọ yìí. Ẹnì kan tó ń ta oògùn sọ fún mi pé kẹ́míkà ti wọ ọpọlọ ọmọ náà, pé ìgò mẹ́fà oògùn olómi tó ń fọ ara mọ́ á fọ̀ ọ́ kúrò pátá, ọpọlọ rẹ̀ á sì padà sípò. Ó tún fún mi ní bébà kan tí mò ń lẹ̀ mọ́ ọn ní àtẹ́lẹsẹ̀ lálẹ́. Ó ní bó bá dúdú láàárọ̀, májèlé ló ń jáde yẹn, ó sì dúdú lóòótọ́. Ṣé ìgò mẹ́fà yẹn á tó? Mo tún ti lóyún oṣù mẹ́rin báyìí, ṣé èmi náà lè máa mu nínú rẹ̀ kí èyí tó wà nínú má bàa rí bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ, ẹ dákun, ẹ gbé ìgò yẹn sílẹ̀ ná. Kò sí ti mẹ́fà, kò sí ti ẹyọ kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ipò yẹn, ẹ má tiẹ̀ fi kan ètè.

Ìbéèrè yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orin létí mi. Iye òbí tó ti bi mí léèrè iye ìgò, iye ọjọ́, bóyá ṣáájú oúnjẹ ni tàbí lẹ́yìn oúnjẹ, mi ò lè kà á mọ́. Kò tíì sí ẹnì kan nínú wọn tó kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé ọpọlọ tiẹ̀ ṣeé fọ̀?" Ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí jù lónìí. Bí ohùn mi bá le níbì kan, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ aboyún lórí omi aláwọ̀ ni mo ní lọ́kàn.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká tún ìdí ọ̀rọ̀ náà tò. Ẹ ní ẹnì kan sọ pé kẹ́míkà wà nínú ọpọlọ ọmọ yín. Kí ló fi wò ó? Ojú lásán kì í rí òjé nínú ara. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí kì í jókòó sójú kan, àìmọye nǹkan ló lè fà á, ó sì lè má ju pé ọmọdé ni lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò tètè já gaara lẹ́nu ọmọ, etí tí kò gbọ́ran dáadáa lè wà nídìí rẹ̀. A máa ń rí i lára ọmọ tí oorun rẹ̀ kò tó, lára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, lára ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù rẹ̀ tó pé. Mi ò tíì fojú kan ọmọ yín, nítorí náà mi ò ní sọ pé òjé ni, mi ò sì ní sọ pé òjé kọ́. Ohun tí mo kọ síbí kò lè dípò dókítà tó máa gbé ọmọ náà lé itan yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń tú bátìrì lẹ́yìnkùlé ilé wọn látinú oyún, ó yẹ kí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò tipẹ́. Àyẹ̀wò yẹn ni kí ẹ fi owó ìgò mẹ́fà ṣe.

Ti bébà àtẹ́lẹsẹ̀, kí n tètè gbà á kọjá. Ìyá kan gbé odidi páálí rẹ̀ wá bá mi nígbà kan, ó ní kí n wá fojú ara mi rí májèlé. Mo mú ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò nínú páálí náà, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, mo da omi gbígbóná ṣíbí kan lé e. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti dúdú kirikiri, òórùn èéfín igi sì gba gbogbo yàrá. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi oje èéfín igi ṣe ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá ti kàn án, ì báà jẹ́ òógùn ẹsẹ̀ tàbí omi kẹ́túlù, á dúdú. Tábìlì mi ò lẹ́sẹ̀ tó ń làágùn, kò sì ní májèlé tó fẹ́ jáde. Lọ́dún 2009, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà gbé àwọn kan tó ń ta irú bébà yìí lọ sílé ẹjọ́ nítorí irọ́ tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀.

Ó wá kan ti fífọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé kẹ́míkà wọ inú ọpọlọ, ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bí èépá ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò, pé bí a bá ti họ ọ́ kúrò, ìkòkò mọ́, ó parí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ wa ì bá rọrùn. Ọpọlọ ọmọdé yàtọ̀ sí ìkòkò tí wọ́n ti mọ tán tí wọ́n sì ti sun. Ilé tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ni.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí oyún dúró ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin ò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó tó bílíọ̀nù 86, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ti jáde kí wọ́n tó bí ọmọ, oníkálukú sì ti rìn láti ibi tó ti hù dé ibi tó ti máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á máa nawọ́ sí ara wọn. Ojúkò tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń bá èkejì sọ̀rọ̀ ni à ń pè ní sínápúsì. Ọmọdé máa ń ṣe sínápúsì ju èyí tó máa lò lọ, á wá máa gé èyí tí kò lò dànù, á máa fún èyí tó ń lò lágbára sí i, bí ẹsẹ̀ ṣe ń sọ ojú koríko di ọ̀nà. Nígbà tó bá fi pé ọmọ ọdún méjì, ọpọlọ rẹ̀ ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti àgbàlagbà. Apá iwájú, níbi tí ìkóra-ẹni-níjàánu ń gbé, kò parí títí èèyàn á fi lé ní ogún ọdún.

Àárín iṣẹ́ yìí ni òjé ń bọ́ sí. Òjé jọ kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, débi pé ara kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Kálísíọ̀mù yìí kan náà ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń lò láti ránṣẹ́ síra wọn. Òjé á wọ ẹ̀wù kálísíọ̀mù, á gba ẹnu ọ̀nà kálísíọ̀mù wọlé, á jókòó sórí àga rẹ̀, kò sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n rán kò ní dé, èyí tí ẹnikẹ́ni ò rán á dé. Sínápúsì tó yẹ kó lágbára á rọ, èyí tó yẹ kí wọ́n gé á ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ fojú inú wo bíríkìlà kan tó ń mọ ògiri. Ẹnì kan wá ń bu erùpẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò mọ̀, ó ń fi í mọlé lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹ lé onítọ̀hún lọ, ẹ gbá gbogbo erùpẹ̀ kúrò lágbàlá. Ẹ ṣeun, nítorí ìlà bíríkì tó kù láti mọ á dára. Àmọ́ àwọn ìlà tó ti mọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, omi wo lẹ fẹ́ fi fọ̀ wọ́n?

Wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe àfiwé lásán ni mò ń pa. Oògùn gidi wà tó ń gbá òjé mú nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ á sì tọ̀ ọ́ jáde. Succimer ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníwàádìí kó ọmọ 780 jọ, àwọn ọmọ ọdún kan sí ọmọ ọdún méjì àti oṣù díẹ̀, tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn wà láàárín 20 sí 44. (Máíkírógíráàmù nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan ni òṣùwọ̀n náà. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, nọ́ńbà ni kí ẹ máa wò.) Wọ́n fún ìdajì wọn ní succimer, wọ́n fún ìdajì yòókù ní ohun tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú, òbí kankan ò sì mọ èyí tí wọ́n fún ọmọ òun. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba oògùn wálẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n wá dúró wo ọpọlọ. Èsì àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2001, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀lé wọn fún ọdún mẹ́ta: àwọn tó lo oògùn ò já fáfá ju àwọn tí kò lò ó lọ. Wọ́n tún dán wọn wò nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún méje, ìyẹn jáde lọ́dún 2004: bákan náà ló rí, nínú òye àti nínú ìwà. Oògùn gbé òjé jáde, kò tún ògiri mọ.

Oògùn gidi rèé o, èyí tí wọ́n wọn iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń ta ìgò fún yín, ṣé ó wọn òjé ọmọ kankan kó tó mu ún àti lẹ́yìn tó mu ún tán? Ẹ bi í, kí ẹ wo bó ṣe máa yí ọ̀rọ̀ padà. Ó lè ní ẹnu ń kan àwa dókítà nítorí pé òun ń gba oníbàárà wa. Ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, succimer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba ẹ̀mí là. Bí òjé bá ti tó 45 sókè, a máa ń lò wọ́n kí gìrì má bàa gbé ọmọ, nílé ìwòsàn, níṣojú ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Lọ́dún 2010 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀ láàárín ilé, ó kéré tán 400 ọmọdé ló kú. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières tó lọ tọ́jú àwọn tó kù ò gbà kí wọ́n fún ọmọ ní oògùn kó tún padà sínú erùpẹ̀ kan náà. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ hú ilẹ̀ àgbàlá, kí wọ́n kó o dànù, kí wọ́n da erùpẹ̀ tó mọ́ síbẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àwọn tó ń fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣeré ńkọ́? Láàárín ọdún 2003 sí 2005, èèyàn mẹ́ta kú ní Amẹ́ríkà, ọmọdé ni méjì nínú wọn. Oògùn méjì ló wà tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Èkíní ní kálísíọ̀mù tirẹ̀ nínú. Èkejì ò ní, ńṣe ló ń fa kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ gbẹ, ọkàn ò sì lè lù láìsí i. Ọmọ ọdún márùn-ún kan wà lára wọn, ọmọ tó ní ọ́tíísìmù, ìyẹn ìṣòro nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà, tí wọ́n gbé lọ pé kí wọ́n bá wọn fa irin burúkú kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgò fúnra rẹ̀ lè gbé májèlé dání. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2004, wọ́n ra oògùn ìbílẹ̀ Íńdíà 70 ní agbègbè Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ inú wọn wò. Mẹ́rìnlá ló ní òjé, mẹ́kúrì tàbí ásẹ́níìkì. Ọ̀kan nínú márùn-ún nìyẹn.

Ẹ tún béèrè nípa oyún inú yín. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ dókítà gbàgbọ́ pé ibi ọmọ dà bí ògiri, pé májèlé tó bá wọ ara ìyá, ara ìyá ló máa mọ sí. Minamata ló tú àṣírí yẹn. Ìlú etí òkun ni ní ilẹ̀ Japan. Iléeṣẹ́ kẹ́míkà kan ń da omi tó ní mẹ́kúrì sínú òkun, ẹja ń kó o jọ sára, àwọn ará ìlú ń jẹ ẹja, àìsàn sì ń mú wọn. Ọdún 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde àìsàn náà. Ohun tó rú àwọn oníṣègùn lójú ni àwọn ìyá tí ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ṣáṣá, tí wọ́n ń bí ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ò dúró, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò. Níbẹ̀, wọ́n máa ń sá ìwọ́ ọmọ gbẹ, wọ́n á fi í pamọ́ sínú àpótí kékeré. Àwọn ìwọ́ gbígbẹ yẹn ni wọ́n padà kó jáde lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà tí wọ́n wọ̀n, mẹ́kúrì sì wà nínú wọn. Ibi ọmọ kò dí i lọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tiẹ̀ máa ń ní irú mẹ́kúrì yìí ju ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ.

Òjé náà ń gba ibi ọmọ kọjá. Ó tún ní àrékérekè tirẹ̀: kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, egungun ló máa ń sá lọ, á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá wá lóyún, tí ọmọ inú ń fẹ́ kálísíọ̀mù, ara á yọ nínú ti egungun fún un, òjé àtijọ́ á sì bá a jáde. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò aboyún, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé wọ́n ń tú bátìrì nílé yín. Ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè, kò ní béèrè.

Mo mọ ohun tí bàbá ọmọ máa sọ. Á ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, kò ṣe òun ní nǹkan, mélòó wá ni èyí tó kan ọmọ? Mélòó yẹn gan-an ni wàhálà. Àwọn oníṣègùn àtijọ́ máa ń sọ pé ìwọ̀n ló ń sọ nǹkan di májèlé, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n tó bá di ti ọpọlọ ọmọdé, àkókò náà ń sọ ọ́ di májèlé. Nínú òjé tí ọmọdé bá gbé mì, èyí tí ara rẹ̀ ń gbà tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ọmọdé náà ló sì ń rákò nílẹ̀, tó ń fi ọwọ́ sẹ́nu.

Herbert Needleman, oníṣègùn ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 1979 tí mo fẹ́ràn gan-an. Eyín ọmọdé tó bá yọ ló ní kí àwọn ọmọ iléèwé máa kó wá, nítorí eyín ń pa òjé mọ́ bí egungun. Àwọn ọmọ tí ara wọn yá ni, wọ́n ń sáré, wọ́n ń ṣeré. Síbẹ̀, àwọn tí òjé pọ̀ nínú eyín wọn, òye wọn rẹlẹ̀ sí ti àwọn tí tiwọn kéré. Àwọn olùkọ́ tí kò mọ ohunkóhun nípa eyín sì ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kì í fọkàn sí nǹkan, wọn kì í parí ohun tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2005, wọ́n pa ìwádìí méje pọ̀, ọmọ 1,333. Bí òjé inú ẹ̀jẹ̀ bá gòkè láti 2.4 sí 10, nǹkan bí 3.9 ló ń já nínú òṣùwọ̀n òye tí wọ́n ń pè ní IQ. Láti 10 sí 20, 1.9 ló tún ń já. Láti 20 sí 30, 1.1. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ti ń jẹ jù, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí àmì kankan lára ọmọ.

Ìdí nìyẹn tí ààlà tí àwọn aláṣẹ ìlera Amẹ́ríkà ń lò fi ń wálẹ̀: 60 ní àwọn ọdún 1960, 10 lọ́dún 1991, 5 lọ́dún 2012, 3.5 lọ́dún 2021. Èyí kò túmọ̀ sí pé 3.5 ò léwu. Kò tíì sí iye òjé kankan tí wọ́n rí tí kò léwu fún ọmọdé. Àwọn tó ń ta òjé náà ti sọ "kò ṣe nǹkan" rí. Thomas Midgley ló ṣàwárí lọ́dún 1921 pé òjé ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó mọ́ epo pẹtiróòlù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni onímọ̀ tí àwọn iléeṣẹ́ náà ń náwó lé lórí fi ń tẹnu mọ́ ọn pé òjé inú ara jẹ́ ohun àdánidá. Clair Patterson, tó ń ka ọjọ́ orí ayé, ló rí i pé òjé ti ba gbogbo ibi jẹ́, tó sì pariwo rẹ̀ lọ́dún 1965. Algeria ló kẹ́yìn nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó jáwọ́ nínú títa irú epo bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀, ọdún 2021 sì ni. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko.

Ní ti ìwà, ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ kan láti inú oyún di àgbà, wọ́n ń wọn òjé wọn léraléra. Nígbà tí wọ́n dàgbà tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn, àwọn tí òjé wọn pọ̀ ní kékeré, apá iwájú ọpọlọ wọn ti kéré sí bó ṣe yẹ, ti àwọn ọkùnrin ló sì burú jù. Àwọn tí òjé wọn pọ̀ yìí náà ni ọlọ́pàá mú jù. Àpapọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ni mo ń sọ, ẹ má fi ṣe àsọtẹ́lẹ̀ lórí ọmọ tiyín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń na ọmọ yẹn nítorí ìgbàgbé tàbí nítorí pé kò jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́.

Òjé nìkan kọ́ o, èyí tó wà lẹ́yìnkùlé yín ni mo dúró lé. Lọ́dún 2006, Philippe Grandjean àti Philip Landrigan dárúkọ kẹ́míkà iléeṣẹ́ márùn-ún tí ẹ̀rí ti dájú pé wọ́n ń ba ọpọlọ tó ń dàgbà jẹ́: òjé, mẹ́kúrì irú ti Minamata, ásẹ́níìkì, PCB tí wọ́n ń dà sínú tiransfọ́mà iná nígbà kan, àti toluene tó máa ń wà nínú tínà ọ̀dà. Lọ́dún 2014 wọ́n fi mẹ́fà kún un, oògùn kòkòrò chlorpyrifos àti DDT wà lára wọn. Ẹni tó bá ní ìgò kan ṣoṣo ń fọ gbogbo ìwọ̀nyí, kó wá ṣàlàyé fún mi. Inú ọ̀rá ni PCB ń sá pamọ́ sí, inú egungun ni òjé ń gbé. Kọ́kọ́rọ́ wo ló ń ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì?

Ó ku ohun tí ẹ máa ṣe. Lónìí, kó má di ọ̀la, bátìrì kúrò nílé. Kí bàbá ọmọ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé iṣẹ́ òòjọ́ ni, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yọ́ òjé níbi tí ọmọdé ń gbé, tiyín tàbí ti aládùúgbò, kó má sì da omi inú bátìrì sí ẹ̀bá kànga. Kó máa bọ́ aṣọ iṣẹ́ àti bàtà kó tó wọlé, kó wẹ̀ kó tó gbé ọmọ, kí ẹ má fọ aṣọ yẹn pọ̀ mọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin aboyún kọ́ lẹ máa fọ̀ ọ́. Mo ti rí ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ nílé rárá, tí òjé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga. A wádìí omi, a wádìí ọ̀dà ara ògiri, a ò rí nǹkan kan. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ wá bá wa nílé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ yé mi. Ọmọ náà sáré pàdé rẹ̀, ó gbá itan rẹ̀ mú, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ṣòkòtò yẹn láti òkè délẹ̀, ó sì ti àtàǹpàkò bọ ẹnu. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé, ẹ yé fi ọwọ̀ gbígbẹ gbálẹ̀, ńṣe ló ń gbé eruku òjé dìde. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àti etí fèrèsé níbi tí eruku ń sùn sí. Ẹ máa fọ ohun ìṣeré ọmọ, ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jẹun àti kó tó sùn. Kó má ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé yẹn mọ́. Ti erùpẹ̀ ibẹ̀, ẹ má fọwọ́ ara yín hú u, ẹ má sì dáná sun ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká létí.

Àyẹ̀wò: ọmọ, ẹ̀yin, àti bàbá ọmọ. Bí ìka ni wọ́n gún, tí nọ́ńbà bá sì ga, ẹ ní kí wọ́n tún gbà á látinú iṣan apá, torí eruku ara ìka lè sọ ẹ̀jẹ̀ di ohun tí kò jẹ́. Kò sí oúnjẹ tó ń fọ òjé o. Ọmọ tí inú rẹ̀ ṣófo tàbí tí èròjà irin àti kálísíọ̀mù kéré lára rẹ̀ ló kàn ń gba òjé sára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kó máa jẹun lásìkò, kí wọ́n sì wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má dá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń jẹ amọ̀ tàbí ẹfun nínú oyún, ẹ jáwọ́. Ní ti ọmú, ẹ má torí ohun tí ẹ kà yìí sọ pé ẹ ò ní fún ọmọ tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tí òjé wà lára wọn ṣì lè fún ọmọ lọ́mú, nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ yín ni dókítà máa fi pinnu.

Ọmọ yín ńkọ́, ẹ̀yin tí mo sọ fún pé ògiri ò ṣeé fọ̀? Mo ní ìlà bíríkì ṣì kù láti mọ, ó pọ̀ gan-an. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi eku ṣe, àwọn tí wọ́n fi òjé bà jẹ́ tí wọ́n wá kó sínú ilé tí nǹkan ìṣeré àti ẹgbẹ́ pọ̀ sí kẹ́kọ̀ọ́ dáadáa ju àwọn tí wọ́n dá sé mọ́ inú àgò lọ. Èèyàn kì í ṣe eku, mo mọ̀. Síbẹ̀, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wá ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Nílé, ẹ máa rán an níṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kó tún un sọ fún yín kó tó lọ. Ẹ máa pa àlọ́ fún un, ẹ jẹ́ kó máa béèrè ìbéèrè títí á fi sú yín.

Bí ẹ bá ń lọ fún àyẹ̀wò, ẹ gbé ìgò yẹn dání, kí wọ́n wọn òjé inú òun náà bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ rẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jáde, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò kan ń lo máíkírógíráàmù, òmíràn ń lo máíkírómóòlù nínú lítà, 0.24 ti èkejì yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 5 ti àkọ́kọ́.